Ọlájuwọ́n Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì, Yẹkínì Kò Sí Níbẹ̀

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ní ìlú Dallas, ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, Rashidi Yẹkínì gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Bulgaria. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọjọ́ 22, ní Texas yẹn náà, àmọ́ ní ìlú Houston, Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963, kó ẹgbẹ́ Houston Rockets sẹ́yìn, wọ́n fi 90 sí 84 na New York Knicks, wọ́n sì gba ife NBA. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra wọn, ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ Yorùbá méjì. Mo máa ń rántí ọjọ́ méjèèjì yìí pọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè ní kí n má rántí wọn pọ̀.

Ọ̀rọ̀ géèmù ló gbé mi dé ibẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì méjì kan wà tó jáde fún ẹ̀rọ Sega Mega Drive láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn. Ọ̀kan ni FIFA International Soccer, tó jáde nígbà tí ọdún 1993 ń parí lọ. Èkejì ni NBA Jam, tó dé orí ẹ̀rọ inú ilé ní oṣù kẹta 1994. Ọlájuwọ́n wà nínú NBA Jam, torúkọ tojú. Yẹkínì ò sí nínú ti FIFA, kò sì lè sí níbẹ̀. Màá sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá. Ohun tí mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí ni pé: ẹni tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀ yẹn, ṣé òun náà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Fún àwọn tí kò bá a láyé, àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan ni Mega Drive. Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ rà á ní 1988, Amẹ́ríkà rí i ní 1989, wọ́n sọ ọ́ ní Genesis, ó sì dé Yúróòpù ní 1990. Ẹ ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ojú ihò tó wà lórí ẹ̀, ẹ ó wá di páàdì mú. Bọ́tìnì mẹ́ta ló wà lára páàdì ọ̀hún, A, B àti C, pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò lè fi ju oríṣi àwọ̀ 64 hàn lójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ní àdúgbò wa n'Íbàdàn, ẹ̀gbọ́n kan fi iwájú ilé ìyá rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù: Sega kan, tẹlifíṣọ̀n kan, bẹ́ǹṣì kan. Géèmù kọ̀ọ̀kan ló lówó tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì nà ló ń dìde fún ẹlòmíì. Bí iná bá lọ láàárín eré, ariyànjiyàn lórí owó ẹni máa ń gùn ju eré náà lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Mo sì tún ti padà ta wọ́n lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, pẹ̀lú ojú àgbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àárò ìgbà èwe ló ń ṣe mí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí NBA Jam bẹ̀rẹ̀, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Ilé iṣẹ́ Midway ní Chicago ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1993, fún àwọn àpótí ńláńlá tí wọ́n máa ń tò sí gbàgede, tí èèyàn á sọ owó sí nínú kó tó ta á. Mark Turmell ni ọ̀gá àwọn tó ṣe é. Ilé iṣẹ́ Acclaim ló wá gbé e wọ inú ilé. Bọ́ọ̀lù alágbọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀, èèyàn márùn-ún márùn-ún ló ń gbá a. Turmell àti àwọn èèyàn rẹ̀ yọ mẹ́ta mẹ́ta dànù, ó ku méjì méjì. Wọ́n yọ fáwùlù dànù. Ẹ lè ti ọmọ ọlọ́mọ lulẹ̀ gbì kí ẹ sì gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí rẹfirí tó máa fọn fèrè. Ohun tí wọ́n ṣì ń fìyà jẹni fún kò ju kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù dànù nígbà tó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sínú agbọ̀n, àti kéèyàn di bọ́ọ̀lù mú kọjá àkókò.

Ibi tí wọ́n ti yọ nǹkan dànù yẹn náà ni wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò. Agbábọ́ọ̀lù á fò, á ga ju agbọ̀n fúnra ẹ̀ lọ, á yí po lófuurufú bí òkòtó kó tó ki bọ́ọ̀lù bọ àwọ̀n. Bí ẹnì kan bá jù ú wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra láìsí pé ẹlòmíì jẹ, bọ́ọ̀lù á gbaná lọ́wọ́ ẹ̀, iná tí ẹ ó fojú rí, ibikíbi tó bá sì ti jù ú, á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọlé ṣáá, àyàfi bí àwọn ọ̀tá bá jẹ góòlù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tim Kitzrow ló fi ohùn sí i. Lórí Mega Drive, ohùn náà há bí ẹni tí òtútù mú, síbẹ̀ a máa ń bá a pariwo.

Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ tó ń sọ fúnni pé irọ́ lòun ni. Ẹni tó lọ wo eégún alárìnjó, tó rí i tí eégún di erè, tó di ọ̀nì, kò délé kó sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó mọ̀ pé èèyàn ló wà lábẹ́ aṣọ, ohun tó sanwó fún ni bí onítọ̀hún ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó. NBA Jam mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ìṣẹ́jú kan tó ṣòfò nínú ẹ̀. Ọmọ tí kò mọ òfin bọ́ọ̀lù alágbọ̀n kan, láàárín ìṣẹ́jú méjì á ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ẹni tó sì ti ta á fún oṣù mẹ́fà á ṣì na ọmọ náà dáadáa. Géèmù tó lè ṣe méjèèjì yìí pọ̀ kò wọ́pọ̀, nígbà yẹn àti nísinsìnyí.

Mo ní àlébù kan ṣáá láti kà sí i lẹ́sẹ̀. Irọ́ kan wà nínú ẹ̀ tí kò fara hàn. Ẹgbẹ́ tó bá ń jẹ́ kí wọ́n na òun, géèmù náà máa ń ràn án lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀ kó lè bá wọn. Turmell fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé, nítorí pé ẹgbẹ́ Detroit Pistons lòun ń ṣe, òun ṣe é nínú géèmù náà pé bí Chicago Bulls bá ń bá Pistons ta á tó ku díẹ̀ kó parí, ohun tí Bulls bá jù lágbẹ̀yìn kò ní wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó san owó jíjẹ rẹ̀, tó mú Bulls, kí ló ṣe fún ọ̀gbẹ́ni yìí?

Ó dáa, ká padà sọ́dọ̀ Ọlájuwọ́n. Ìgbà tí a kọ́kọ́ rí orúkọ yẹn lójú tẹlifíṣọ̀n, ṣọ́ọ̀bù dàrú. Ẹ rántí pé Michael Jordan, tí gbogbo ayé mọ̀ jù, kò sí nínú géèmù náà, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló di ẹ̀tọ́ orúkọ àti àwòrán rẹ̀ mú, kò fi í sábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi tàwọn yòókù. Nítorí náà ọmọ Ìbàdàn lè mú Ọlájuwọ́n, kò lè mú Jordan. Ìyá ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí kò mọ agbọ̀n yàtọ̀ sí àwọ̀n, gbọ́ ariwo wa, ó jáde síta.

Ó ní, "Ta lẹ ń pè ní Ọlájuwọ́n?"

A ní, "Màmá, ọmọ Èkó ni. Amẹ́ríkà ló wà."

"Ọmọ Èkó lẹ gbé sínú tẹlifíṣọ̀n, tẹ́ ẹ wá ń tì ṣubú? Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ o."

Màmá ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìbéèrè wọn ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ta ni ẹni tí a ń tì ṣubú? Orí Ọlájuwọ́n ni, kò sí iyèméjì. Wọ́n mú orí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan látinú àwòrán, wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tí kì í ṣe tirẹ̀, orí ńlá lórí ara kékeré. Ara yẹn náà ni tàwọn yòókù. Lẹ́yìn náà wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n mẹ́rin: eré sísá, jíjù láti òkèèrè, kíki bọ́ọ̀lù bọ agbọ̀n, àti dídènà. Ó parí.

Ẹ wá wo ọkùnrin náà fúnra ẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù alágbọ̀n ló kọ́kọ́ ń gbá l'Ékòó. Bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló ń gbá, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ náà, aṣọ́lé sì ni. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé ibẹ̀ lòun ti rí ẹsẹ̀ tóun gbé lọ sí Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Dream Shake nìyẹn. Á kọ ẹ̀yìn sí agbọ̀n, á fi èjìká kan mì bí ẹni fẹ́ gba ọ̀tún lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ á gbà á gbọ́, á fò. Òun á ti fi ẹsẹ̀ yí gba òsì. Bí onítọ̀hún bá gbọ́n tó dúró, á tún tàn án lẹ́ẹ̀kejì, á gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ jù ú, kò ní jù ú, á yọ́ kọjá lábẹ́ apá ẹ̀. Ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti oníjó bàtá. Ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n fi gba ife 1994 àti ti 1995. Nínú òṣùwọ̀n mẹ́rin inú kásẹ́ẹ̀tì, èwo ni ti ẹsẹ̀? Kò sí. Ọlájuwọ́n inú NBA Jam jẹ́ òmìrán tó ń fò, tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ dànù. Òótọ́ ni pé Ọlájuwọ́n gidi mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù dànù. Ṣùgbọ́n ẹ bo orúkọ yẹn mọ́lẹ̀, ẹ bo orí yẹn, ẹ sọ fún mi bóyá ẹ lè dá a mọ̀ láàárín àwọn òmìrán yòókù.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ń béèrè ohun tí ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò lè ṣe. Mo ní ìdáhùn, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó tálákà ju Sega lọ ni mo sì ti rí i. Ní 1991, ilé iṣẹ́ Tecmo ti Japan gbé Tecmo Super Bowl jáde fún Nintendo àtijọ́, èyí tó ti wà ní Japan láti 1983. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré. Ọmọ Ìgbò kan tí wọ́n bí sí Enugu, Christian Okoye, wà nínú ẹ̀ fún ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs. Eré orí pápá ló gbé e dé yunifásítì ní Amẹ́ríkà, jíju abọ́ irin, kó tó di pé wọ́n fa bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Ní 1989, kò sẹ́ni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà tó o nínú gbogbo NFL: yáàdì 1,480. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní àlá burúkú láti Nàìjíríà. Kò sí àwòrán ojú ẹ̀ lórí pápá géèmù yẹn. Èèyàn inú ẹ̀ kò ju èèrùn lọ. Síbẹ̀, ẹ fún Okoye ní bọ́ọ̀lù, kò ní yára bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti gbéra, àwọn tó wá dì í mú á máa fò dànù lára ẹ̀ bí ẹni tó fara gbá ògiri. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn lórí pápá. Nínú géèmù yẹn náà, Bo Jackson ti Raiders ń sáré tí ẹnikẹ́ni ò lè bá, òun náà kò jọ Okoye. Ẹni tó mọ àwọn méjèèjì lórí pápá á dá wọn mọ̀ láì ka orúkọ. Ẹ̀rọ kọ́ ni wàhálà nígbà náà. Ohun tí àwọn tó ń ṣe géèmù fẹ́ wò lára èèyàn ni.

Ó wá ku FIFA. Àwọn òṣìṣẹ́ Electronic Arts ní Canada ló ṣe é, iṣẹ́ ńlá sì ni fún ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ géèmù bọ́ọ̀lù tó ṣáájú ẹ̀, àtòkè ni ẹ ó ti máa wo pápá bí ẹyẹ, tàbí láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn wọ̀nyí yí i ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó sí igun pápá, lókè, láàárín èrò. Ariwo èrò wà nínú ẹ̀, ó ń lọ sókè ó ń wálẹ̀ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sún mọ́ ilé. Fún èmi, ariwo yẹn ni ohun tó dára jù nínú gbogbo ẹ̀. Bọ́ọ̀lù gbígbá inú ẹ̀ fúnra ẹ̀ wúwo, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ bíi kí wọ́n wọ bàtà òjò.

Ó ní ẹ̀rín tiẹ̀. Bí ẹ bá ṣe fáwùlù, tí rẹfirí ń bọ̀ láti wá fún yín ní káàdì, ẹ lè sá fún un. Á máa lé yín kiri pápá bí ọlọ́pàá tó ń lé ọlọ́kadà. Ó sì ní ẹ̀gbin tiẹ̀: bí aṣọ́lé bá di bọ́ọ̀lù mú, ẹ lọ dúró síwájú ẹ̀ gan-an, bó bá gbá a, bọ́ọ̀lù á bà yín, á sì padà wọ ilé. Ọmọ kan mú ọgbọ́n yìí wá láti Mọ́kọ́lá, ó fi na gbogbo wa láàárín ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ kejì, òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé góòlù ẹni tó bá dúró síwájú aṣọ́lé kò wọlé.

Ní ti orúkọ, ẹ wo páálí kásẹ́ẹ̀tì náà. David Platt ti England àti Piotr Świerczewski ti Poland ló wà níbẹ̀, wọ́n ń du bọ́ọ̀lù. Fọ́tò gidi, èèyàn gidi. Ẹ ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, ẹ wá Platt: kò sí. Ẹ wá ẹnikẹ́ni tí ẹ mọ̀: kò sí. Àjọ FIFA yá wọn ní orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù kò sí nínú àdéhùn, nítorí náà ṣe ni wọ́n hun gbogbo orúkọ inú ẹ̀ látorí. Ìràwọ̀ Brazil níbẹ̀, Janco Tianno ló ń jẹ́. FIFA 96, tó jáde ní 1995, ni àkọ́kọ́ tó lo orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi. Ẹ ò rí i pé Yẹkínì kò lè sí níbẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló dára jù ní Áfíríkà ní 1993, òun náà sì ni lóòótọ́.

Kí la wá ṣe? A mú Brazil, a fi Tianno ṣe Yẹkínì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe àlàyé fún ẹnì kan. Tó bá gba bọ́ọ̀lù, orúkọ Yẹkínì là ń pè. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo padà ta á lágbà ni pé Yẹkínì onírọ́ yẹn ṣe mí bí Yẹkínì ju bí Ọlájuwọ́n tòótọ́ inú NBA Jam ṣe ṣe mí bí Ọlájuwọ́n lọ. Orí wa la fi ń wo Yẹkínì. Géèmù kò fún wa ní nǹkan kan nípa ẹ̀, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ara fírígbọ̀n yẹn, ìbọn ẹsẹ̀ yẹn, ìgbà tó wọ inú àwọ̀n Bulgaria lọ, tó na ọwọ́ méjèèjì gba ojú àwọ̀n jáde, tó ń pariwo tó ń sunkún, àwa la mú gbogbo ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìpalára wà. Àwa tí a rí i lọ́dún náà la lè mú un wá. Góòlù 37 ló jẹ fún Nàìjíríà, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó jẹ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ìbàdàn níbí ló kú sí ní 2012. Ọmọ mi ọkùnrin, tó mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Bẹ́ljíọ̀m tí wọn ò tíì wọ pápá rí, inú géèmù ló ti kọ́ wọn. Ó bá mi ta FIFA àtijọ́ yìí ní Sátidé kan. Nígbà tí mo pariwo "Yẹkínì!", ó wo ojú tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí, ó ní, "Dádì, Tianno ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Ti Ọlájuwọ́n, wọ́n ti gbìyànjú láti tún un ṣe. NBA 2K12, tó jáde ní 2011, kó àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ 15 jọ, Ọlájuwọ́n wà nínú wọn, èjìká tó ń mì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ta á. Òun ni, lóòótọ́. Àmọ́ kí ọwọ́ mi tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú èjìká yẹn mì, ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ tí mo pè wá sì ti lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Kò sí géèmù kan tí mo mọ̀ tó fi ẹsẹ̀ Ọlájuwọ́n sínú bọ́tìnì mẹ́ta. Àwọn Tecmo lè ṣe é, bí ẹnì kan bá bẹ̀ wọ́n nígbà náà.

Mega Drive kékeré tí Sega gbé jáde ní 2019, tó ní géèmù tó lé ní 40 nínú, kò ní NBA Jam, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì gidi lẹ máa wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ṣì ń mí. Bí ẹ bá rí i, ẹ mú ẹlòmíì dání. Ẹni kan ṣoṣo kì í gbádùn ẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa ran ara ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ mú Houston. Bí FIFA lẹ rí, ẹ gbé ohùn ẹ̀ sókè dáadáa torí ariwo èrò yẹn, ẹ mú ẹgbẹ́ tó bá wù yín, kí ẹ sì ti kéde kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró síwájú aṣọ́lé.